Kámẹ́rà Ló Ṣubú, Ojú Ọkọ Mi Ló Jẹ̀bi

Bí ẹ bá ń wá obìnrin tó fi ẹnu lásán fọ́ ojú ọkọ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Èmi nìyí. Ara mi le, mo ń sùn dáadáa, àwọn aládùúgbò sì ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ ìyàwó rere fún àwọn ọmọ wọn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, torí pé ẹ ò mọ ilé mi.

Onífọ́tò ni ọkọ mi. Kámẹ́rà tó fi ń jẹun ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà ìyáálé mi ni. Bí ẹ bá rí bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀yin náà á kúnlẹ̀ kí i.

Bó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, kó tó bọ́ bàtà, á gbé e sórí tábìlì. Á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá eruku ara rẹ̀. Á fi rọ́bà kan fẹ́ atẹ́gùn sí lẹ́ńsì, torí pé atẹ́gùn ẹnu, ó ní, itọ́ wà nínú rẹ̀. Á wá fi aṣọ funfun kan nù ún, aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi nu nǹkan mìíràn láyé yìí. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iṣẹ́ pàápàá, á máa tẹ̀ ẹ́ láìsí fíìmù nínú rẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́, látorí eré tó yá jù dé orí èyí tó lọ́ra jù.

"Kí lẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún?" mo bi í nígbà kan.

"Kí oríkèé rẹ̀ má baà le," ó ní. "Irin tí kò bá ṣeré á di arọ."

Oríkèé tèmi náà ń le. Kò sẹ́ni tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá mi.

Kámẹ́rà náà lágbára ṣá o. Àwọn tó ṣe é kò rò ó pé ẹnikẹ́ni á tún ra òmíràn. Ọ̀dà dúdú ti họ létí rẹ̀, idẹ inú rẹ̀ sì ń yọ bí eyín wúrà. Òjò ti pa á, ooru ti fojú rẹ̀ rí màbo, síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ débi pé ẹ ó lè ka irun ìpéǹpéjú ìyàwó tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan, torí òun ló máa tú mi fó. Fèrèsé kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń yojú wò. Nínú fèrèsé yẹn, ẹni tí ẹ fẹ́ yà máa di méjì: ọ̀kan gidi, ọ̀kan bí òjìji. Ẹ ó máa yí lẹ́ńsì títí òjìji á fi wọnú ara ẹni tó ni ín. Bí méjèèjì bá ti di ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí wọn ò bá pàdé, kùrukùru lẹ ó gbé fún oníbàárà.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé wa: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Akọ̀wé ni mí níléewé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Lọ́dún yẹn, ọ̀gá wa obìnrin ń fẹ̀yìn tì. Tíṣà ìṣirò, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í gba ìsinmi, yọjú sí mi ní ọ́fíìsì.

"Ìyàwó onífọ́tò, ṣé a tún máa lọ wá onífọ́tò níta ni? Àbí ọkọ yín ò kọ́ yín ní nǹkankan?"

Ẹni tó bá ní làákàyè á ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ bi í." Èmi ò ní làákàyè lọ́jọ́ yẹn. Léèsì tuntun ni mo ní.

"Kí lẹ fi mí pè?" mo dáhùn. "Èmi gan-an ni n ó yà yín."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ibà ti dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Mo fún un lóògùn, mo bò ó láṣọ, mo gbàdúrà sí i lórí. Lẹ́yìn àmín, mo gbé kámẹ́rà rẹ̀ sínú báàgì mi. Kò sí fíìmù nínú rẹ̀, mo ra tèmi lójú ọ̀nà. Mo ti ń wo bó ṣe ń ki í bọ̀ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n mi pọ̀.

Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀. "Ẹ sún mọ́ra! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gbé àgbọ̀n sókè!" Àwọn tíṣà tó máa ń rán mi ní ṣọ́ọ̀kì ń gbé àgbọ̀n sókè. Tíṣà ìṣirò gbé tiẹ̀ ga ju ti gbogbo wọn lọ.

Okùn awọ wà lára kámẹ́rà náà. Ọkọ mi kì í dì í mú láìfi kọ́rùn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tí okùn awọ máa ń ṣe fún ọrùn léèsì? Mo ká okùn náà sábẹ́ rẹ̀, mo gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé àwo. Mo gun àga kí gbogbo wọn lè wọnú àwòrán. Àga náà fì. Mo di ògiri mú.

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ògiri mú.

Ó dún gbì lórí sìmẹ́ńtì. Gbogbo èèyàn pariwo "Háà!" Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé e, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́ńsì ò sán. Kò tẹ̀ níbì kankan. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́.

"Irin ni," mo sọ fún wọn bí ẹni tó rọ ọ́ fúnra rẹ̀. "Ẹ dúró dáadáa."

Mo tún gun àga padà.

Nǹkan tó kù ni fíìmù. Mi ò lè gbé e fún ọkọ mi, nítorí náà mo gbé e lọ fún onífọ́tò tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù wa lódìkejì títì. Ẹ-Rẹ́rìn-ín ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ohun tó máa ń pariwo mọ́ oníbàárà nìyẹn. Abánidíje ọkọ mi ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún un," mo bẹ̀ ẹ́. "Mo fẹ́ fi ṣe é ní kàyéfì ni."

"Ìyàwó wa, ẹnu mi ti padé," ó ní.

Mo dá kámẹ́rà padà sáyè rẹ̀. Mo tiẹ̀ fi aṣọ funfun yẹn nù ún. Ọkọ mi ṣì ń làágùn lórí ibùsùn.

Ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìyàwó tuntun kan wá gba fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Èmi náà wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Ó wò ó, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yí i padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ta rèé?"

"Ẹ̀yin ni," ọkọ mi ní.

"Èmi ni, àbí iwin mi?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé kámẹ́rà sórí tábìlì bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá wọn, ṣé ẹnikẹ́ni gbé kámẹ́rà yìí nígbà tí mo dùbúlẹ̀?"

Ẹ wò ó, ilẹ̀kùn gbayawu ló ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn. "Èmi ni, ó sì bọ́ lọ́wọ́ mi." Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á rí i sọ.

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí?" mo dáhùn. Mo tiẹ̀ fajú ro díẹ̀, kó lè dà bí òótọ́.

Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́. Ohun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ ọkọ gidi nìyẹn.

"Bí kò bá ṣe kámẹ́rà," ó ní, "a jẹ́ pé ojú mi ni."

Ojú bàbá rẹ̀ fọ́ kó tó kú. Ọjọ́ orí tí ọkọ mi wà nígbà yẹn gan-an ni ojú bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tá a ṣì ń fẹ́ra, pé ohun kan ṣoṣo tí òun ń bẹ̀rù láyé nìyẹn.

Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn, ọkùnrin tó máa ń fo àtẹ̀gùn bí ewúrẹ́. Dókítà ní kó ka lẹ́tà ara ògiri. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti rí bí èèrà.

"Ojú yín dára fún ọjọ́ orí yín," dókítà ní. "Awò ìkàwé lásán lẹ nílò."

Nígbà tá a jáde, ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ fún bàbá mi," ó ní.

Èmi náà mí kanlẹ̀, mo ní, "Ọlọ́run á ṣàánú." Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń tù ú nínú?

Ó ń lo awò náà, àwòrán ṣì ń ṣú. Mo sọ fún tíṣà ìṣirò pé ìmọ́lẹ̀ ti wọ fíìmù wa, pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. "Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí," ó dáhùn. Mi ò lọ sí ọ̀dọ̀ Ẹ-Rẹ́rìn-ín mọ́. Bí mo bá rí i lókèèrè, mo máa ń ya sí kọ̀rọ̀.

Ìdílé kan wá pe ọkọ mi pé kó wá ya bàbá wọn àgbà. Bàbá náà ò fẹ́ràn fọ́tò, gbogbo ayé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan tó yà nígbà èwe. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbé e síta nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. Ọkọ mi lo odindi fíìmù kan lé e lórí kó lè rí ọ̀kan mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kùrukùru ni gbogbo rẹ̀. Ó ní òun á padà lọ yà á. Kó tó padà, bàbá ti kú.

Ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú fọ́tò náà dání, ó ń fi ìka wá ibi tó yẹ kí imú bàbá rẹ̀ wà.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ẹ ṣáà ti gbìyànjú."

Lọ́jọ́ yẹn ni ọkọ mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ èyí tó burú jù: inú mi dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ ọkọ mi pé kó wá bá òun bójú tó o. Ọkọ mi kì í dáhùn. Báyìí ó gbà. Ó ń lọ láàárọ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ bí ọkọ ọmọlúàbí. Tówẹ́ẹ̀lì mi ò rùn bí oògùn fíìmù mọ́. Kò sí pé wọ́n ń pè é lọ ṣíṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ mọ́. Ìyáálé mi kó lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú páálí, ó sì ku èmi nìkan nílé ọkọ.

Mo ní n ó sọ fún un bó bá ti fara balẹ̀. Ó fara balẹ̀. Mo wá rò ó pé kò yẹ kí n da ìfarabalẹ̀ rẹ̀ rú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ń múra iléewé. Èyí àgbà ń de okùn bàtà àbúrò rẹ̀, wọ́n ń bára wọn jà lé e lórí. Ọkọ mi jókòó sídìí tábìlì, ó ń wò wọ́n, tíì rẹ̀ ti tutù. Ó pẹ́ tó ti ń wò wọ́n.

"Dádì wọn, kí lẹ ń wò?"

"Mò ń kọ́ ojú wọn sórí ni," ó ní. Kò wò mí. "Bàbá mi sọ fún mi pé òun gbàgbé láti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kẹ́yìn, ohùn mi nìkan ló mọ̀."

Òótọ́ náà dé ẹnu mi. Mo gé búrẹ́dì fún un. Mo fi bọ́tà sí i dáadáa, dé etí.

Nígbà tí àṣírí máa tú, ẹ̀rọ ló fà á. Kì í ṣe kámẹ́rà, ẹ̀rọ mìíràn tó fi ń sọ àwòrán kékeré di ńlá. Ọkọ mi ní kò sí ohun tí òun tún fẹ́ fi ṣe, ó ní kí Ẹ-Rẹ́rìn-ín wá gbé e, kó má baà dípẹtà lásán. Bí mo ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, mo rántí pé ó yẹ kí n lọ kí màmá mi. Ṣùgbọ́n ó ti kanlẹ̀kùn.

Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó bá ọkọ mi kẹ́dùn, ó ní títì náà ti tutù láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tí òun lè máa bá díje. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò.

"Kí n tó gbàgbé. Ìyàwó wa ò wá gba fọ́tò rẹ̀ láti ìgbà yìí wá. Mo mọ̀ pé kàyéfì náà ti di àtijọ́." Ó na àpòòwé kan sí ọkọ mi. "Ọ̀rẹ́, ìyàwó rẹ mọ fọ́tò yà o! Ó mọ́ kedere. Àfi àwọn tó gbẹ̀yìn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ò ti balẹ̀."

Ẹ ti rí ènìyàn tó ń fi inúure pa ènìyàn rí?

Ọkọ mi kó àwọn fọ́tò náà jáde. Ó tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ọ̀gá wa àti òdòdó rẹ̀, ó mọ́ kedere. Àwọn tíṣà lójókòó, ó mọ́ kedere. Àgbọ̀n tíṣà ìṣirò, ẹ lè ka irun ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ní ìdúró, tí mo yà láti orí àga: kùrukùru. Èyí tó tẹ̀ lé e: kùrukùru. Títí dé òpin.

Ó dìde. Ó gbé páálí sọ̀ kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yí lẹ́ńsì dé ìpẹ̀kun rẹ̀, ibi tó yẹ kí ohun tó jìnnà ti di ọ̀kan. Ó yojú wo ìta láti ojú fèrèsé, ó sì gbé kámẹ́rà fún Ẹ-Rẹ́rìn-ín.

"Kí lo rí lọ́ọ̀ọ́kán yẹn?"

"Òpó iná méjì."

"Mélòó ló wà níta?"

Ẹ-Rẹ́rìn-ín gbé kámẹ́rà kúrò lójú. "Ọ̀kan ni."

"Ìyá wọn, ìwọ náà wá wò ó."

Mo wò ó. Òpó méjì ni, wọ́n dúró ti ara wọn bí ẹlẹ́rìí.

"Ọ̀rẹ́, kámẹ́rà ló gbá nǹkan, kì í ṣe ojú rẹ," Ẹ-Rẹ́rìn-ín pariwo, inú rẹ̀ ń dùn. "Kí ló dé tó ò yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ẹ-Rẹ́rìn-ín wo ọkọ mi, ó wò mí, ó wo àwọn fọ́tò orí tábìlì. Lójijì ó rántí pé òun gbé omi kaná nílé. Ó lọ láìgbé ẹ̀rọ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀. Mo sunkún, ẹkún náà sì dára. "Dádì wọn, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí ẹ bá gbọ́ pé mo jù ú sílẹ̀, ilé yìí ò ní gba àwa méjèèjì."

"Jù ú sílẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. "Èmi fúnra mi ti jù ú sílẹ̀ rí. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ti já lulẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọ oníbàárà kan ti fà á bọ́ lọ́rùn mi rí. Kámẹ́rà iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹyin. Bó ṣe máa ń ṣe náà nìyí bó bá fara gbá nǹkan."

Ó wá súkúdíráfà kékeré tí wọ́n fi ń tún aago ṣe. Ó tú ìdérí kan tí kò ju orí èékánná lọ níwájú kámẹ́rà náà. Ó ki súkúdíráfà bọ ibẹ̀, ó wo òpó iná, ó yí i díẹ̀, ó tún wò ó. Kò tó àsìkò tí omi tíì máa fi hó tí òpó náà fi di ọ̀kan.

"Ṣé ìyẹn náà ni?" Ẹnu mi, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

"Ìyẹn náà ni."

Ó dé ìdérí rẹ̀ padà. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ojú tó dára fún ọjọ́ orí rẹ̀.

"Pé o jù ú sílẹ̀, mo ti gbàgbé ìyẹn," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo sọ fún ẹ pé mò ń kọ́ ojú àwọn ọmọ mi sórí. O gbọ́. O sì fi bọ́tà sí búrẹ́dì fún mi."

Kò pariwo. Ìbá kúkú pariwo.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kó tó ṣí i, ó ní kí n bá òun lọ sílé bàbá àgbà tó kú yẹn. Ọmọ obìnrin náà fún wa ní àga. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ̀rọ òun ló ní àbùkù, pé òun ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá yíjú sí mi, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti sọ̀rọ̀.

Èmi ń wo kápẹ́ẹ̀tì wọn. Ó dára gan-an ni.

A kò kọ ara wa sílẹ̀ o. Àwọn ará àdúgbò ò mọ nǹkankan. Ọkọ mi ń kí mi láàárọ̀, ó ń dúpẹ́ oúnjẹ, ó ń bi mí léèrè ibi iṣẹ́. Bí mo bá bi í pé báwo ni, á ní dáadáa ni. Bí mo bá ní kí ló dé, á ní kò sí.

Lóṣù tó kọjá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pàdé mi lọ́jà.

"Ibi tí wọ́n ti yọ eyín ọkọ yín, ṣé ó ti ń jinná?"

"Ó ti ń jinná, a dúpẹ́," mo dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n yọ eyín rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èmi àti irọ́ kì í já ara wa kulẹ̀.

Nígbà tí ó ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀, mò ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ bí olè. Ọwọ́ òsì ni, lókè, lẹ́yìn. Ihò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Ó ti jẹ ìrora rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí ibùsùn kan náà tí mò ń sùn sí.

"Dádì wọn, ṣé kò sí ibi tó ń dùn yín?"

"Rárá o," ó ní. "Ara mi yá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà fún ọkọ tí kì í ṣàròyé, ẹ wá wo tèmi.